Ìdí Tí Ìyá Fẹ́mi Kò Fi Wọ Bàlúù

Ọmọ tó pè láti ilẹ̀ Tọ́kì kò kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Mọ́mì, wọ́n láwọn ò ní san kọ́bọ̀ o."

Adéwùnmí wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ogida nílùú Bìní, ó ń to àwọn ike ọ̀dà tó fẹ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní New Benin. Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àwọn wo ni ò ní sanwó?"

"Àwọn inṣọ́ránsì. Wọ́n ní Dádì purọ́. Wọ́n ní àìsàn ọkàn ti wà lára wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, wọn ò sì sọ fáwọn. Ilé ìwòsàn wá ní bí owó ò bá wọlé, àwọn ò ní gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mọ́mì, òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ọkàn wọn ló dí. Dókítà ní kò yẹ kó di ìrọ̀lẹ́."

Adétọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kan ní Ìsítáńbù ni, torí àtirí i nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni Láolú bàbá rẹ̀ sì ṣe wọ bàlúù. Ní ìjẹta, wọ́n ya fọ́tò tán, wọ́n wọ ilé oúnjẹ, Láolú ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ ọbẹ̀ kan tí kò lè pè, ló bá di àyà mú, ló dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má ta ṣọ́ọ̀bù."

Adéwùnmí ní kó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kankan ń sunkún nílé. Òun fúnra rẹ̀ kò sì sunkún. Ohun tó dé bá a lórí ìjókòó tó jókòó sí láàárín àwọn ike ọ̀dà ni ojú Olúfẹ́mi.

Olúfẹ́mi ló ní ọ́fíìsì ìrìn-àjò ní Airport Road, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bìní. Wọn kì í fúnni ní físà Tọ́kì láìsí ìwé adójútòfò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn sì ti ń rà á. Lọ́jọ́ tí Láolú àti Adéwùnmí lọ, nígbà tó kan ìbéèrè pé àìsàn wo ló ń ṣe ọ́, Láolú la ẹnu láti sọ ọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni, kò sí ìbéèrè tí kì í fẹ́ dáhùn. Olúfẹ́mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, bẹ́ ẹ bá sọ pé ọkàn ń dùn yín, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan láyé yìí tó máa gbà yín. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ara àwọn le. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn ẹ̀." Adéwùnmí tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ bi í pé bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Olúfẹ́mi ní, "Mọ́mì, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ lórúkọ Jésù." Wọ́n jọ ṣe àmín.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í bá ni ṣe àmín.

Ohun tó ń bí Adéwùnmí nínú pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń bínú sí àwọn tó jókòó sínú ilé tútù níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí wọ́n mọ̀ dájú pé bí aláìsàn bá sọ òótọ́ àwọn á lé e, bó bá sì dákẹ́ àwọn á gbowó rẹ̀, àwọn á wá fi ìdákẹ́ náà dè é lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá ké pe àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò lójú téèyàn lè wò. Olúfẹ́mi ló lójú.

Motọ́lání, àbúrò Adétọ́lá, jáde wá pẹ̀lú ìpara lójú. "Mummy, wetin happen? Na Daddy?"

"Wọ́n ò fẹ́ sanwó. Lọ pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ."

Akíntáyọ̀, ẹ̀gbọ́n Láolú, kò jìnnà sí wọn. Bátìrì mọ́tò ló ń tà, ìbínú rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni. Adéwùnmí kúnlẹ̀ kí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ ariwo.

"Mo wí o! Mo wí fún Láolú pé kí ló ń wá kiri ìlú onílùú pẹ̀lú ọkàn tó ń mì bí ewé kókò. Ṣé wọn ò lè ya fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ni? Ó ní rárá. Ẹ̀yin méjèèjì ní rárá!"

"Ọmọ rẹ̀ ló lọ wò, Bọ̀dá. Ṣé aláìsàn kì í bímọ ni?"

"Ẹ wá lọ purọ́ sínú ìwé!"

"Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á lé e. Ó dákẹ́, wọ́n gbowó rẹ̀. Èwo ni kí aláìsàn ṣe, Bọ̀dá? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ̀ ọ́n fún ìgbà mìíràn."

Akíntáyọ̀ wo ògiri. Motọ́lání gbé ẹ̀kọ mímu àti àkàrà wá síwájú rẹ̀, Akíntáyọ̀ sì ń fi ṣíbí po ẹ̀kọ náà láìmu ún. Nígbà tó ṣe, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ èyí tí Adéwùnmí ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù New Benin yẹn, ẹnì kan lè rà á lónìí."

"Láolú ní kí n má tà á."

"Òkú ò ní ṣọ́ọ̀bù, Wùnmí."

"Ẹ má pè é lókùú nínú ilé mi!"

Ohùn rẹ̀ ròkè kọjá fẹ́ǹsì. Mama Osaze, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Ẹdó, yọrí lókè búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Mama Tola, I hear say... Abi oga don...?"

"E never die," ni Motọ́lání dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ.

Akíntáyọ̀ dìde. Kò jẹ àkàrà náà. Ó ní òun ń lọ wo iye tí wọ́n lè gba mọ́tò Sienna òun sí, òun á sì bá ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Ring Road sọ̀rọ̀, torí ọkùnrin náà ní èèyàn ní Ìsítáńbù tó lè gbé owó lé Adétọ́lá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. "Kò ní tó," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Bí mo tiẹ̀ ta Sienna, kò ní tó." Ó sì lọ. Adéwùnmí wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni Akíntáyọ̀ fi ń kó bátìrì láti Oníṣà. Akíntáyọ̀ kò sọ ìyẹn, wọn ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun náà wọ bàtà. Kó tó jáde, ó mú ike ọ̀dà pupa kan, ó fi í sínú báàgì, ó sì fi ṣíbí tí wọ́n fi ń ṣí ìdérí ọ̀dà tì í. Motọ́lání rí i.

"Mummy, wetin you wan use paint do?"

"Mo fẹ́ fi kun nǹkan."

Ní oríta, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbèrò, ó pàdé obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà fa ojú ro, ó di ọwọ́ Adéwùnmí mú. "A gbọ́ o, Ìyá Tọ́lá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ará ò tíì fẹ́ra kù," Adéwùnmí wí, ó já ọwọ́ gbà, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́.

Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó ń ro bí ọ̀dà náà ṣe máa dà. Dígí ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Olúfẹ́mi, àwòrán bàlúù funfun wà lára rẹ̀. Ọ̀dà elépo ni èyí tó gbé, tí kì í ṣí bọ̀rọ̀ bó bá gbẹ. Bí wọ́n bá ha á títí, àmì á kù. Ó rí i bó ṣe máa ṣàn wálẹ̀ lórí bàlúù náà, ó rí i bí Olúfẹ́mi ṣe máa sáré jáde, ó sì rí ara rẹ̀ tó máa dúró, tí kò ní sá. Kẹ̀kẹ́ wọ kòtò, ó di báàgì mú bí ẹni di ọmọ mú. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́nà kan tí kò tíì dùn láti ìgbà tí Láolú ti ṣubú.

Ìyá Olúfẹ́mi ló bá ní ọ́fíìsì náà.

Màmá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, àpótí ńlá kan àti báàgì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wé gèlè, ó sì wọ súwẹ́tà nínú ooru. Ọ̀dọ̀ Olúfẹ́mi ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ ní Bìní débi pé àwọn ọmọ Ẹdó ń pè é ní Iye, ìyẹn ìyá lédè wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá Tọ́lá! Ìwọ náà wá sìn mí ni? Olúwa á sin ìwọ náà délé ayọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń lọ o, ọ̀dọ̀ Ọpẹ́yẹmí. Fẹ́mi lọ ra epo sí mọ́tò, tó bá dé báyìí, ó di pápá bàlúù. Èyí tó ń lọ Èkó láàárọ̀ yìí ni."

Adéwùnmí kúnlẹ̀ kí i.

"Tíṣà ńkọ́? Ṣé ó ti ti Tọ́kì dé?"

Adéwùnmí wo ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà tètè gbé ojú sílẹ̀. Láti ìjẹta ni Adétọ́lá ti pe ọ́fíìsì yìí, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Olúfẹ́mi. Wọn ò sọ ọ́ fún Màmá.

"Kò tíì dé, Mà."

"Á dé láyọ̀." Màmá tú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé wé, ó fi ọwọ́ gé díẹ̀, ó ní kí Adéwùnmí bá òun jẹ ẹ́. Adéwùnmí ní òun ti yó. Màmá jẹ ẹ́ tán, ó fa ike oògùn kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Adéwùnmí mọ̀ ọ́n kí ìdérí rẹ̀ tó ṣí. Èyí tí Láolú máa ń fi sábẹ́ ahọ́n ni, èyí tí kì í jáde nílé láìmú dání.

"Ẹ̀yin náà ń lo èyí, Mà?"

"Hà, ó ti pẹ́." Màmá fi ọ̀kan sábẹ́ ahọ́n. "Ọkàn ni. Ọjọ́ mìíràn á máa sáré bí ẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé." Màmá sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí ayọ̀. "Ṣùgbọ́n Fẹ́mi ọmọ mi ò jẹ́ kí n lọ lásán. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń gba àwa tí ara wa ò dá. Dókítà mi kọ̀wé. Wọ́n bi mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n bí ojú! Ṣùgbọ́n Fẹ́mi ní bí nǹkan bá ṣe mí lọ́hùn-ún, àwọn ló máa san gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bí èèyàn bí ìyá ni."

"Ìgbà wo lẹ ṣe é, Mà?"

"Ṣáájú Ọdún Àjíǹde ni. Ṣé bí o ṣe mọ̀, ó fẹ́ kó tètè wà nílẹ̀."

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni Láolú jókòó sórí àga yìí gan-an.

Adéwùnmí kò lè gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan wà. Gbogbo bí òun ṣe ń bínú látàárọ̀, òun ń bínú ni bí ẹni tí ògiri dí lọ́nà, pé bí ayé ṣe rí fún aláìsàn nìyẹn. Ògiri náà ní ilẹ̀kùn. Olúfẹ́mi mọ ibẹ̀, ó ti mú ìyá rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì wo ojú Láolú, ó ní kò sí ilẹ̀kùn.

Olúfẹ́mi wọlé, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́. Ó rí Adéwùnmí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mọ́mì Tọ́lá. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta."

Níta, lábẹ́ igi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, mo ń gbàdúrà fún Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ sí i lónìí. Ọkàn wọn ò dáa."

"Ọkàn ọkọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n fọwọ́ sí ìwé yẹn fúnra wọn. Èmi kọ́ ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Mo kàn ń tà á ni."

"Màmá ní ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń gba aláìsàn."

Ọkọ̀ kan kọjá, Olúfẹ́mi wò ó lọ.

"Mo ní Màmá sọ fún mi, Fẹ́mi. O ti mọ̀ ọ́n kí àwa tó wá. Kí ló dé tó ò dárúkọ ẹ̀ fún Láolú?"

"Mọ́mì, owó rẹ̀ pọ̀."

"Èló ni mo bi ọ́? Mo ní kí ló dé tó ò dárúkọ ẹ̀?"

"Ẹ gbọ́, ìyẹn gba àkókò. Ìwé dókítà, ìdúró, ìpè lónìí ìpè lọ́la. Kò sí láàdá gidi lórí ẹ̀ fún wa. Tíṣà sì ń kánjú. Mo sì rò ó pé..." Ó fi ọwọ́ pa orí. "Tíṣà ni wọ́n, Mọ́mì. Owó oṣù tíṣà. Mo rò ó pé wọn ò ní lè san án."

"Ṣé o bi í?"

Olúfẹ́mi ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

"Láolú ló kọ́ ọ ní ìṣirò. Ní pálọ̀ wa, lọ́fẹ̀ẹ́, o máa ń jẹ ẹ̀bà mọ́ àwọn ọmọ mi. O wò ó, o ṣírò rẹ̀, o ní kò tó ẹni tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè."

"Mọ́mì, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ bọ́ sára báàgì. "Kí lẹ gbé síbẹ̀?"

"Ọ̀dà ni. Mo fẹ́ fi kun ilẹ̀kùn rẹ." Ó gbé ike náà jáde, ó gbé e fún un bí ẹni gbé ẹ̀bùn fúnni. "Gbà á. N ò kùn ún mọ́."

Ara tu Olúfẹ́mi. Ó tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀dà náà, ó ń dúpẹ́, ó ń sọ pé ẹgbẹ́ á dá owó jọ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kó tó mọ̀ pé Adéwùnmí ti ṣí ilẹ̀kùn dígí náà, ó ti wọlé.

Ó dúró díẹ̀ níwájú Màmá. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Obìnrin arúgbó ni, oògùn sì ṣì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ó rò ó wò, ó gbé e lórí ìwọ̀n lọ́kàn rẹ̀, ojú Láolú lórí tábìlì sì tẹ̀wọ̀n jù. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fi ohùn tí èèyàn fi ń kí àgbà sọ ọ́.

"Màmá, Láolú wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn ní Tọ́kì. Ọkàn rẹ̀ ti dí. Wọn ò fẹ́ tọ́jú rẹ̀, torí ìwé tí Fẹ́mi bá a dáhùn ní ara rẹ̀ le. Láolú fẹ́ sọ òótọ́, Fẹ́mi ní kó má sọ ọ́, ó ní kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa gbà á. Ìgbà yẹn, ó ti mú ẹ̀yin lọ sí èyí tó ń gbani. Ó ní tíṣà ni, kò lè san án. Kò bi í, Mà. Bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní kí n fi tó yín létí kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù."

Olúfẹ́mi ti dé ẹnu ọ̀nà, ike ọ̀dà lọ́wọ́. "Mọ́mì! Mọ́mì Tọ́lá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Màmá kò wò ó. Ó fi ọwọ́ kan àyà, ó mí, ó tún mí. Ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà dìde pẹ̀lú omi. Fáànù ń dún lókè. Adéwùnmí wà lórí eékún, ó ń wo ọwọ́ tó wà lórí àyà náà, kò sì gbàdúrà.

"Olúfẹ́mi," Màmá wí nígbà tó yá. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Màmá, àsìkò ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká dé pápá ná, màá ṣàlàyé..."

"Mo gbọ́." Ó yí ojú sí Adéwùnmí. Ojú náà kò le, kò sì rọ̀. "Ìwọ mọ̀ pé ọkàn mi ò dáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún ọ ni."

"Mo mọ̀, Mà."

"O sì kúnlẹ̀, o sọ ọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Màmá mi orí. "Ó dáa. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀." Ó tú gèlè, ó ká a, ó fi í sórí itan. "Dìde ńlẹ̀. Fẹ́mi, gbé àpótí yẹn sẹ́nu ọ̀nà."

"Kí n gbé e sí mọ́tò?"

"Mo ní ẹnu ọ̀nà."

Màmá fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọ nígbẹ̀yìn. Ó gbé àpótí náà dúbúlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn dígí, ó jókòó lé e lórí, ó kọjú sí Airport Road. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wọlé láìdúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ọkùnrin ọmọ Ẹdó kan tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. "Iye, good morning. Wetin happen?"

"Na my pikin get this office," Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Before you give am money, ask am wetin e do Tola papa."

Ọkùnrin náà bèèrè. Màmá sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, obìnrin náà sì pa fífẹ́ iná tì kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Olúfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pupa pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó ní kí ìyá òun ṣàánú òun, kó rántí Ọpẹ́yẹmí tó ń dúró, kó rántí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bàlúù tó ń lọ Èkó gbéra ní pápá, ó kọjá lórí wọn pẹ̀lú ariwo. Màmá gbé ojú sókè.

"Ó ti lọ," ló wí. "San owó ìwòsàn tíṣà rẹ. N ò dìde níbí títí Ìyá Tọ́lá fi máa sọ pé ó tó."

Adéwùnmí kò dúró wo ìyókù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi kẹ̀kẹ́.

Sienna Akíntáyọ̀ lọ ní ẹ̀dínwó tí kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ẹni tó ń ṣẹ́ dọ́là pè, ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúfẹ́mi ti gbé owó wá sọ́dọ̀ òun fún orúkọ kan náà, ó sì ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀, ó tó èyí tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Adétọ́lá pè pé wọ́n ti gbé bàbá òun wọlé. Lẹ́yìn náà fóònù kò dún mọ́.

Ìdúró náà gùn. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìròyìn ti ṣáájú Adéwùnmí délé. Ẹnì kan ní ó ti da ọ̀dà lé Olúfẹ́mi lórí. Ẹlòmíràn ní ìyá rẹ̀ ti bọ́ra sílẹ̀ fún un ní gbangba. Mama Osaze gbé ìyán àti ọbẹ̀ dúdú tí àwọn Ẹdó ń sè wá, ó gbé e síwájú Adéwùnmí, ó dúró tì í títí tó fi fọwọ́. "You do well," ló wí. Akíntáyọ̀ tó jókòó lójú fèrèsé kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó ní, "Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀." Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ̀bẹ.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Adétọ́lá tó pè.

"Wọ́n ti ṣe é tán. Wọ́n ti ṣí òpó náà. Dádì ń sùn."

Motọ́lání pariwo, ó di ìyá rẹ̀ mọ́ra, àwọn aládùúgbò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní oríṣiríṣi èdè. Ṣùgbọ́n Adéwùnmí mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó kúrò láàárín wọn.

"Kí ló kù?"

"Dókítà ní ká ní wọ́n ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú ni... Ọkàn wọn ti kú lápá kan, Mọ́mì. Ìyẹn ò ní jí mọ́. Wọ́n á padà wálé, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè dúró kọ́ kíláàsì mọ́. Wọn ò tiẹ̀ ní lè gun àtẹ̀gùn."

Adéwùnmí ní ó dáa. Ó ní kó lọ sùn díẹ̀. Ó padà síbi tó jókòó sí, ó sọ ọ́ fún Akíntáyọ̀ lójú gbogbo wọn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí Adétọ́lá ṣe sọ ọ́ fún un. Ariwo ìdúpẹ́ náà rọlẹ̀. Wọ́n ń gbé àwo kúrò nílẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ tún dún. Olúfẹ́mi ni. Adéwùnmí fi í sí gbangba kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ.

"Mọ́mì Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe é, a dúpẹ́. Mo ti san gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Màmá ṣì wà lórí àpótí yẹn. Wọn ò jẹun, wọn ò mu oògùn ìrọ̀lẹ́, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wọn. Àwọn èèyàn kún títì, wọ́n ń ya wọ́n sínú fóònù. Wọ́n ní àyàfi tí ẹ̀yin bá fi ẹnu ara yín sọ pé ó tó. Ẹ bá mi sọ ọ́, Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ti gbé fóònù sétí wọn."

Lódìkejì, ọkọ̀ ń kọjá, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wúkọ́, ikọ́ arúgbó, ó sì ń mí, ó ń dúró.

"Àgbàlagbà ni o, Wùnmí," Akíntáyọ̀ wí.

Motọ́lání wo ìyá rẹ̀. Mama Osaze tí kò gbọ́ Yorùbá náà ń wò ó, ó sì ti yé e.

Adéwùnmí mú fóònù náà sún mọ́ ẹnu.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," ló wí. "Kò tíì tó."